Ìkòkò Sódàbì àti Òróró Efinrin

Kí n tó di ìyàwó wọn ni ìyá ọkọ mi ti jáwọ́ nínú sódàbì, ọtí líle tí wọ́n ń fi ẹmu sè. Wọ́n ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run. Àmọ́ ìkòkò irin tí wọ́n fi ń sè é àti ọ̀pá bàbà rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé wa ní Ibereko.

Lọ́dún tí ọmọ wa obìnrin ń ti inú ibà kan bọ́ sínú òmíràn, mo rí tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, tó ń lọ sókè sódò nínú gọ́tà wa. Ọkọ mi da kẹrosíìnì sí i. Àwọn tanwíjí náà kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n òórùn gba gbogbo ilé, ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sí tòsí sì rọ.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ni mo ti gbọ́ pé òróró inú ewé efinrin máa ń pa tanwíjí, àti pé bí wọ́n ṣe ń sè ọtí líle náà ni wọ́n ń sè é jáde. Efinrin kún ọgbà wa. Ìkòkò ló kù.

Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ìkòkò yẹn kaná."

Ojú wọn le. "Ṣé o fẹ́ kí n da Mawu, Ọlọ́run mi, ni? Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún un."

"Efinrin la máa sè, Màmá, kì í ṣe ẹmu."

Wọ́n mirí, wọ́n sì wọlé lọ.

Kò pẹ́ tí ibà tún dá ọmọ dùbúlẹ̀. Nígbà tí a ti ọsibítù dé, Màmá jókòó tì í, wọ́n ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí rẹ̀ títí ó fi sùn. Wọ́n wá dìde, wọ́n gbé ìkòkò náà síta, wọ́n sì fi iyanrìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán.

"Lọ já efinrin wá," ni wọ́n wí. "Ọtí ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ lé lórí, kì í ṣe ewé."

A da efinrin àti omi sínú ìkòkò, a fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀, a sì gbé e kaná. Ooru gba inú ọ̀pá tó la omi tútù kọjá, ó ń kán tó, tó, sínú ìgò. Òróró náà kò pọ̀. Ó kàn léfòó lórí omi inú ìgò bí ọ̀rá ojú ọbẹ̀. Mo kán an sínú abọ́ omi gọ́tà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, tanwíjí kankan ò ta pútú mọ́. Màmá pàtẹ́wọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Òróró náà tètè máa ń fẹ́ lọ, nítorí náà a ń ṣe òmíràn lóòrèkóòrè, a ń ko pàǹtí inú gọ́tà, a sì ń de dúrọ́ọ̀mù omi òjò wa. Ibà ọmọ wa ti jìnnà síra. Lánàá, obìnrin kan wá láti Aradagun wá kọ́ iṣẹ́ náà. Màmá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nídìí àdògán, wọ́n ń da Gun, èdè abínibí wọn, pọ̀ mọ́ Yorùbá, wọ́n ní kó rọra máa koná, ewé kì í fẹ́ ìkánjú.