Kí Ló Wá Ṣẹlẹ̀ sí Ọmọ Náà?

Tí iná bá ti lọ láàárín fíìmù, ohùn ìyá onílé wa ní Ìjokú ni mo máa ń gbọ́: "Òǹkọ̀wé, kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Òǹkọ̀wé kẹ̀! Èmi tí mo kàn jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí iṣẹ́ mi ò ju oorun lọ. Àmọ́ màmá á máa ṣa obì tí wọ́n ń tà, èmi á máa parí fíìmù fún wọn. Ibẹ̀ ni ìtàn kíkọ ti wọ̀ mí lára.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ ṣe bí ọ̀gá, mo pa ọmọ tó rìnrìn àjò nínú fíìmù tí à ń wò. Obì bọ́ lọ́wọ́ màmá.

"Ta ló ní kó o pa á? Jí i dìde kíá, kí iná tó dé!"

Mo wá rántí ọmọ tiwọn tó lọ sí Líbíà, tí kò pè mọ́. Kíá ni mo jí ọmọ inú fíìmù náà dìde, mo gbé e dé ẹnu géètì tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹun, mà."

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa obì.

Màmá ò sí mọ́. Iná lọ lánàá, mo dúró títí, ẹnì kankan ò bi mí ní nǹkan kan. Ni èmi òǹkọ̀wé ńlá bá yíjú sí àga wọn tó ṣófo, mo ní ọmọ náà ti wọlé, ó sì ti jẹun.