Orúkọ Tí Màmá Láníkẹ́ Kò Pè Rí

Ẹni tó bá ní òun ní sùúrù, ẹ jẹ́ kó wá fi fóònù tún kọ̀ǹpútà ṣe fún ẹni tí kò fọwọ́ kàn án rí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ta kọ̀ǹpútà àlòkù ní Ìkìrun, tí mo sì ń tún un ṣe, sùúrù yẹn ò tíì wọlé tọ̀ mí wá. Àwọn oníbàárà mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Ọlábímpé mọṣẹ́, ẹnu ẹ̀ nìkan ni kò dára.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni Màmá Láníkẹ́ pè mí láti Òkukù. Ọmọ bíbí Inisa ni wọ́n, ilé ọkọ ló gbé wọn dé Òkukù. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń tà lọ́jà Inisa títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn ọmọ ti tú ká. Láníkẹ́ tó jẹ́ àkọ́bí wà n'Ìbàdàn, ó máa ń pè wọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi lẹ́yìn ìsìn. Ìgbà òjò àkọ́rọ̀ ni Bàbá Láníkẹ́ kú. Láti ìgbà náà, Màmá nìkan ló kù nínú ilé ńlá yẹn, yàrá tó kù wà ní títì. Wọ́n sọ fún mi rí pé àwọn a máa gbé àga sẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ kí àwọn lè rí ẹni kí, torí ọjọ́ mìíràn wà tí ilẹ̀ á ṣú tí àwọn ò tíì gbọ́ ohùn ara àwọn.

Ọwọ́ mi ni Bàbá ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká wọn. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, àwọn sì ni ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ orin ìkórè tuntun, tòun ti sólfà ẹ̀, tí wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n tẹ ti ọdún yìí tán kí àìsàn tó dé, ṣùgbọ́n wọn ò rí i fi kọ́ ẹnikẹ́ni. Ayọ̀olúwa tó gba ipò wọn ti wá sọ fún Màmá pé bí orin náà ò bá tẹ òun lọ́wọ́ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, orin ẹlòmíràn ni àwọn máa kọ́. N kò bá a wí. Ìkórè kì í dúró de ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ wọn ṣe kẹ́yìn láyé ni orin yìí lójú Màmá, inú ẹ̀rọ tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ló sì há sí.

Mo ní kí wọ́n ká aṣọ olówùú tí wọ́n fi bò ó kúrò, kí wọ́n tàn án. Ó tàn. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí, wọ́n ní òdòdó. Gbogbo bọ́tìnì tí mo ní kí wọ́n tẹ̀ ni wọ́n ń béèrè bóyá kí àwọn tẹ̀ ẹ́ kí àwọn gbọ́wọ́ kúrò, àbí kí àwọn di ọwọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó yá, mo gbọ́ tí wọ́n ń bẹ kọ̀ǹpútà náà pé kó jọ̀ọ́, kó má dójú ti àwọn. Oníbàárà méjì dúró sọ́rùn mi ní ṣọ́ọ̀bù, inú ti ń bí mi.

A wo ibi tó yẹ kí orin wà, kò sí níbẹ̀. Mo wá rántí pé Bàbá kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìkọ orúkọ ara wọn sí i. Ó wà lára agboòrùn wọn, ó wà lábẹ́ àga wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì wọn gbogbo. Mo ní kí Màmá tẹ orúkọ Bàbá síbi tí a ti ń wá nǹkan. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kò mú nǹkan kan wá. Mo ní kí wọ́n tún un tẹ̀. Bákan náà ni.

Mo fi ohùn líle sọ pé ó jọ pé ẹnìkan ti pa á rẹ́. Ìgbà tó ṣe ni mo gbọ́ ẹkún, ẹkún jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tí kò retí pé ẹnikẹ́ni á wá ṣìpẹ̀ fún òun. Ojú tì mí. Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n tẹ̀ fún mi, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Wọ́n kà á. Bàbá Láníkẹ́ ni wọ́n tẹ̀.

“Màmá, orúkọ wọn gan-an ni mo ní kẹ́ ẹ tẹ̀.”

“Orúkọ tí mo ń pè wọ́n nìyẹn.”

“Èyí tí ìyá wọn sọ wọ́n ni mò ń wí, mà.”

Wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. “Bímpé, mi ò pè é rí látọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé wọn. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ.”

Èmi pe ọkọ tèmi lórúkọ títí ó fi kó ẹrù ẹ̀ lọ. N kò mọ̀ pé ẹnìkan ṣì wà tó ń pa àṣà yìí mọ́ dé orí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ n kò lè rín in. Mo ní wọn ò ní fẹnu wọn pè é, èmi ni n óò máa pe lẹ́tà, àwọn á kàn máa tẹ̀ ẹ́. K ti kẹ̀kẹ́. O ti omi, torí kò sí ọ lára bọ́tìnì. L ti labalábá. A ti ajá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ̀ ẹ́ dé òpin, Kọ́láwọlé, wọn ò sì so lẹ́tà kankan pọ̀ mọ́ èkejì lẹ́nu.

Wọ́n ní ó ti yọ, pé gbogbo ojú kọ̀ǹpútà náà ló kún fún un látòkè délẹ̀. Orin ìkórè ló ṣáájú. A ṣí i, mo sì ní kí wọ́n fi fóònù ya fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ayọ̀olúwa lórí Wásáàpù, torí ìyẹn ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo kọjú sí àwọn oníbàárà mi.

Mo ti ń palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n tún pè. Wọ́n ní Ayọ̀olúwa ti rí i gbà, pé àwọn akọrin ti ń kọ́ ọ lọ́wọ́. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n wúre fún mi, mo ṣe àmín. Wọn ò gbé fóònù sílẹ̀.

“Lẹ́yìn tá a parí, mo pe orúkọ náà,” ni wọ́n wí. “Mo pè é sókè nínú pálọ̀ níbí. Mo sì dúró. Mo rò pé Bàbá Láníkẹ́ á bá mi wí ni.”

Mo wá bi wọ́n bóyá wọ́n ti pa kọ̀ǹpútà náà. Wọ́n ní rárá, orúkọ náà ṣì wà lójú ẹ̀, àwọn jókòó tì í. Mo sọ fún wọn pé bátìrì á kú bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní àwọn mọ̀.