Ojú Mi Tó Pọ́n fún Ọdún Mẹ́ta

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, níwájú ilé tí èmi, ọkọ mi àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Mo pupa láti kékeré. Nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì àti orí imú mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí nǹkan wínníwínní sì ń yọ níbẹ̀, àwọn oníbàárà ti rí i kí èmi fúnra mi tó rí i. Àwọn kan ní ooru ni. Àwọn mìíràn ní irorẹ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti lé lógójì ọdún.

Obìnrin kan tó ń ta ìpara ládùúgbò wa po ọ̀kan fún mi sínú ike kékeré. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹrin, ojú mi ti dán. Inú mi dùn débi pé mo ra ike méjì kún un. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti dá a dúró fún ọjọ́ méjì péré, ojú mi á tún pọ́n, á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta. Kò wò mí sàn, mi ò sì lè fi í sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ló dun ìyá ọkọ mi jù. Tẹ́nìkan bá ti sọ pé ojú mi ń pọ́n, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹni náà ń sọ pé ìyà ń jẹ mí nílé ọmọ wọn. Màmá fún mi ní ọṣẹ dúdú, wọ́n ní kí n má jẹ ẹ̀pà mọ́, wọ́n ṣàdúà sínú omi lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n ní kí n máa fi bọ́jú. Kò sí èyí tí mi ò ṣe.

Nígbà tó yá, ẹyinjú mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ mí lẹ́nu. Ó ń ta mí bíi pé yanrìn wà nínú rẹ̀, ó ń ṣomi, mi ò sì rí ihò abẹ́rẹ́ dáadáa mọ́. Mo gbà pé ọjọ́ orí ló dé. Ni mo bá lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò ní Ìkòtún, kí wọ́n fún mi ní awò ojú.

Dókítà tó wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin ni, bí àbúrò mi àbíkẹ́yìn ló rí. Ó ní kí n ka lẹ́tà ara ògiri, mo kà á. Ó tan iná sí mi lójú, ó wo ìpéǹpéjú mi lókè nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa iná, ó sún àga rẹ̀ mọ́ mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ìtìjú mú mi. Mo sọ fún un pé irorẹ́ lásán ni.

"Kì í ṣe irorẹ́, mà," ló wí. "Irorẹ́ máa ń ní orí dúdú kéékèèké, tiyín ò ní. Ohun tó ń ṣe ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín náà ló ń ṣe ẹyinjú yín. Kí lẹ fi ń para?"

Mo yọ ike náà nínú báàgì mi, mo gbé e fún un. Ó yí i síwá sẹ́yìn, kò rí orúkọ kankan lára rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ṣàlàyé pé irú ìpara bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní oògùn líle nínú, tó ń dá pípọ́n náà dúró fúngbà díẹ̀, tó sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó kọ lẹ́tà, ó ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà awọ ara ní ọsibítù ìjọba. Awò ló ń tà o, ṣùgbọ́n kò ta ọ̀kan fún mi lọ́jọ́ náà.

Dókítà awọ ara, bàbá kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, fara mọ́ ohun tí dókítà ojú kọ. Ó ní àìsàn náà kì í ranni, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí ló fà á. Ó ní kì í sábà lọ pátápátá, àmọ́ a lè mú un rọlẹ̀. Ó fún mi ní oògùn mímu àti èyí tí mo máa fi pa ojú, ó ní kí n máa fi aṣọ mímọ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ìpéǹpéjú mi láràárọ̀, kí n sì sá fún oòrùn àti ọbẹ̀ tó ta. Ó béèrè iṣẹ́ mi. Nígbà tó gbọ́ pé mo máa ń tẹ orí ba sórí áyọ́ọ̀nù tó ń rú èéfín omi gbígbóná, ó mi orí, ó ní èéfín náà ò dáa fún ojú mi. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé bí mo bá fi ìpara yẹn sílẹ̀, ojú mi máa kọ́kọ́ burú sí i.

Ó burú lóòótọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú mi wú, ó ń jó mi bí ata. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo wá ike tó kù tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn àwọn òwú, mo ṣí i. Màmá bá mi níbẹ̀.

"Ìyàwó mi, gbé e wá," ni wọ́n wí. "Tó o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bínú sí."

Mo gbé e fún wọn, mo sì sunkún bí ọmọdé. Màmá jókòó tì mí títí mo fi dákẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá wọn nídìí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ, wọ́n ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo ní àwọn èèyàn máa sọ pé mo sọ ìyá ọkọ mi di ọmọọṣẹ́.

"Ṣé wọn ò ti ń sọ tẹ́lẹ̀ ni?" ni Màmá dáhùn. "Lọ jókòó sídìí máṣíìnì rẹ, jàre."

Ẹni tó ti lé láàádọ́rin ọdún ni wọ́n o. Wọ́n bá mi lọ gbogbo aṣọ tí mo rán fún oṣù mẹ́rin gbáko, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bu ọbẹ̀ tèmi sọ́tọ̀ kí wọ́n tó da ata sí ti ìyókù. Oníbàárà kan tiẹ̀ bi mí léèrè ta ni mo gbà síṣẹ́, pé bí aṣọ ṣe ń gún báyìí yàtọ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni ojú mi rọlẹ̀. Yanrìn inú ẹyinjú mi ló kọ́kọ́ lọ, lẹ́yìn náà ni àwọn nǹkan wínníwínní yẹn gbẹ. Oòrùn ọ̀sán ṣì lè mú un pọ́n díẹ̀, nítorí náà mo máa ń dé fìlà fífẹ̀ jáde.

Nígbà tí mo rán búláòsì kan fún dókítà ojú yẹn, wọ́n sọ fún mi ní Ìkòtún pé ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Abúlé Ẹ̀gbá báyìí. Èmi àti Màmá wá a lọ. Kó tó wo búláòsì, ojú mi ló kọ́kọ́ wò, ó sì rẹ́rìn-ín. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ṣàdúà fún un, fún ọmọ tó máa bí, fún ìyá tó bí i, títí aláìsàn mẹ́ta fi tò sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ń ṣe àmín ní tèmi, mi ò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n gé e kúrú.