Àdúrà Dá Mọ́tò Dúró

Àdúrà ni kò fẹ́ẹ̀ jẹ́ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi rí dókítà lónìí.

Ọmọ inú rẹ̀ dábùú. Nọ́ọ̀sì tó wà ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ní ká tètè gbé e lọ bá dókítà aláboyún ní Ṣakí, dókítà yẹn kì í sì í dúró kọjá ọ̀sán.

Èmi àti màmá mi la gbé e wọ mọ́tò èrò, dẹ́rẹ́bà sì sáré dáadáa. Àfi ìgbà tí ààfáà kan wọkọ̀ ní Agọ́-Àmọ́dù, tó rí ikùn, tó ní ká gbọ́wọ́ sókè. Dẹ́rẹ́bà pa mọ́tò, kóun náà lè rí ọwọ́ méjèèjì gbé sókè.

Ààfáà bẹ̀rẹ̀ láti orí Ànábì Núhù. Màmá mi ń ṣe àmín, ó ń wo oòrùn.

Ìyàwó ló sọ̀rọ̀: “Ààfáà, ẹ má bínú. Àdúrà yín ti gbà. Dókítà ló kù.”

Ààfáà sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Ààfáà ní, “Òótọ́ lọmọ mi sọ. Dẹ́rẹ́bà, máa wà á lọ, mà á parí ẹ̀ lójú ọ̀nà.”

A bá dókítà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fẹ́ máa lọ. Ó ní ìyàwó ò gbọdọ̀ padà sílé títí á fi bímọ. Bọ́mọ ò bá yí, wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ. Ààfáà ò lọ sọ́jà tó ń lọ, àfìgbà tí wọ́n fún ìyàwó ní bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá wa ṣe àmín. Ẹ ṣáà máa rìn bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é.