Páásìwọ́ọ̀dù Kan Ṣoṣo

Ọkùnrin tó wá so íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́ ṣọ́ọ̀bù mi kìlọ̀ fún mi, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ìdó ló ti wá. Ó dúró láàárín yàrá iwájú ilé bàbá mi ní Ayégbajú, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn kọ fọ́ọ̀mù lórí kọ̀ǹpútà, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká fi wáyà so kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wáì-fáì ò mọ ògiri, ará ìta á máa bá yín fà á. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ẹ dandan, ẹ jẹ́ kí n ya tàwọn ará ilé sọ́tọ̀. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ páásìwọ́ọ̀dù kan náà."

Ká ya ará ilé sọ́tọ̀ kẹ̀? Mo wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Wáyà á gba pé ká lu ògiri amọ̀ tí bàbá mi fọwọ́ ara wọn mọ kí wọ́n tó kú, èkúté á sì máa gé e jẹ. Ti ìyàsọ́tọ̀ yẹn ló tilẹ̀ burú jù. Wọ́n á ní àjẹkù ni mò ń fún ìyá mi, bẹ́ẹ̀ àbúrò mi ọkùnrin wà lókè òkun, orí fóònù nìkan ni ìyá wa ti ń rí ojú rẹ̀. Mo ní kó so wáì-fáì fún mi, páásìwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo, kó máa lọ.

Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tí ìyá mi fi fún gbogbo àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà wọn ní mọ́ṣáláṣí ní páásìwọ́ọ̀dù náà. Mo fapá jánú. Ìyá mi ní, "Ulé yìí, a kì í tilẹ̀kùn mọ́ èèyàn." Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà mi.

Ó wá di ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan sáré wọlé láti Ayébọ̀dé. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló ń wá, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á sì dẹ́kun gbígba fọ́ọ̀mù. Bó bá di ọdún tó ń bọ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá èyí tí wọ́n ń gbà. Ọ̀kadà tó gbé e bàjẹ́ lọ́nà, aago mẹ́ta ti lù kó tó dé, eruku bò ó lójú.

Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ń sọ àkọ́bí àbúrò mi lórúkọ lókè òkun. Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn. Ìyá mi àtàwọn ẹlẹ́gbẹ́ wọn ti kún ẹ̀yìnkùlé, kálukú pẹ̀lú fóònù tirẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Fọ́ọ̀mù kọ̀, kò lọ, fóònù ẹ̀yìnkùlé ti fa íńtánẹ́ẹ̀tì tán. Àmì kékeré yẹn ń yí lójú kọ̀ǹpútà, ó ń yí ṣáá. Mo sáré lọ sẹ́yìnkùlé: "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa fóònù, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré!"

"Kò burú, ọmọ wa. Ọlọ́hun á bù kún uṣẹ́ rẹ."

Mo padà síwájú. Pàbó. Mo tún sáré jáde. Yéè! Ohùn fóònù ni wọ́n pa! Gbogbo wọn dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n ń wo àwòrán láìgbọ́ nǹkan kan, wọ́n rò pé ariwo ló ń dí mi lọ́wọ́. Ìyá mi nìkan ló gbé tiwọn mọ́ etí kí wọ́n lè gbọ́ orúkọ. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé, ìyá mi fọwọ́ dá mi dúró: "Dákẹ́ ná, lèmọ́mù ti gbé ọmọ."

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Ọmọbìnrin náà di etí tábìlì mú, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Inú ń bí mi sí gbogbo ayé, sí ara mi jù. Àfọwọ́fà mi ni! Mo jókòó, mo yí páásìwọ́ọ̀dù padà. Gbogbo fóònù ẹ̀yìnkùlé já lẹ́ẹ̀kan náà.

Fọ́ọ̀mù wọlé nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ọmọbìnrin náà dì mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. N kò tíì gbé e dìde tí mo fi rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́ wọn.

"Lèmọ́mù ti pe ìrun sí i létí tán," ni wọ́n wí. "Ó fẹ́ dárúkọ, fóònù wá gan."

Mo jẹ́wọ́. Wọn ò bú mi. Wọn ì bá bú mi, ì bá sàn.

Kò pẹ́ tí àbúrò mi pè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé màámi gbọ́ ọ? Ṣé wọ́n sunkún?" Ó wá sọ fún mi. Orúkọ bàbá wa ni wọ́n sọ ọmọ náà.

Ìyá mi ò pe orúkọ ọkọ wọn rí láyé, èmi náà ò sì dá a láṣà láti pè é níṣojú wọn. "Kí ni wọ́n sọ ọ́?" ni wọ́n ń bi mí. Mo kúnlẹ̀, mo fẹnu mọ́ wọn létí, mo dárúkọ bàbá mi.

Wọ́n wá ní, "Ó padà wá sí ulé, o wá tilẹ̀kùn mọ́ mi."

Ọkùnrin Ìdó ti padà wá fi wáyà so kọ̀ǹpútà, ó lu ògiri náà. Ọmọbìnrin Ayébọ̀dé ti wọlé ẹ̀kọ́, ó máa ń wá kí ìyá mi. Wọ́n máa ń ṣàdúrà fún un, wọn ò sọ ohunkóhun nípa ọjọ́ yẹn fún un rí. Wáì-fáì ti di ti ìyá mi nìkan báyìí. Mo kọ páásìwọ́ọ̀dù tuntun sí páálí, mo gbé e kọ́ ògiri yàrá wọn. Títí di òní, wọn ò tíì tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.