Ráúńdì Oníbúrẹ́dì

Ọ̀rẹ́ mi, fojú fo àṣìṣe mi o. Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ kó dùn. Ṣùgbọ́n bí òórùn búrẹ́dì bá ti pàdé ti ẹja díndín nínú atẹ́gùn òkun, Àgbádárìgì ìgbà náà ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn.

Ẹja díndín ni mò ń tà létí òkun. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ mi ń fi ọ̀kadà gbé búrẹ́dì fáwọn oníbàárà rẹ̀. Ráúńdì ló ń pe iṣẹ́ náà. Mo bi í pé kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó ní, "Ọ̀nà kan náà, ẹnu ọ̀nà kan náà, lójoojúmọ́, títí wàá fi yí i po." Kankon ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lọ́dọ̀ ọmọge kan tó ń ta tíì, á gba Imeke kọjá, ọ̀dọ̀ mi ló ń parí sí, nígbà tí oòrùn bá ti mú.

Ìyá alákàrà tó jókòó tì mí kò jẹ́ n gbádùn. "Ọmọ yìí, ará Kankon ń jẹ ẹ́ ní gbígbóná, ìwọ ń gba èyí tó ti le. Ṣé ìwọ náà nìyàwó?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà mi ń ta bí epo inú agbada. Bẹ́ẹ̀, àwọn èèyàn àfẹ́sọ́nà mi ń bọ̀ wá mọ̀ wá nílé lọ́jọ́ Àìkú. Mo ti ń ro bí màá ṣe ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọkọ̀ lọ sí Kankon, mo fara pamọ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kan. Áà, ọmọge náà rẹwà! Eyín rẹ̀ funfun débi pé mo fi ọwọ́ bo ẹnu ara mi. Àfẹ́sọ́nà mi dé. Kò pa ọ̀kadà, kò ṣí akoto orí rẹ̀.

"Jókòó mu tíì, jàre! Ṣé mo máa bù ọ́ jẹ ni?"

"Mo wà lórí ráúńdì o." Ó já búrẹ́dì sílẹ̀, ó sì lọ.

Mo sáré padà sídìí ẹja mi. Nígbà tó dé lọ́sàn-án, ó pa ọ̀kadà, ó ṣí akoto, ó gbé e sínú iyanrìn, ó sì jókòó tì mí títí oòrùn fi rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i, n kò kà á sí nǹkan kan. Àwọn yòókù ń gba búrẹ́dì. Èmi ni mo ni ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń sinmi. N kò ní parọ́ fún ọ, eyín funfun yẹn ṣì ń dùn mí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, kí Ìyá alákàrà tó dé, mo kan ìṣó ńlá kan mọ́ òpó ìsọ̀ mi, níbi tí ọwọ́ àfẹ́sọ́nà mi á tó, kí akoto náà má baà sùn sínú iyanrìn mọ́.