Bátìrì Tí A Fi Sípánà Yàn

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lókè òkun, ilé ló fi sínú ọkọ̀ ojú omi ránṣẹ́ sí Èkó. Mi ò sọ pé ẹrù ilé o. Ilé gan-an ni: ọkọ̀ funfun gbọọrọ kan tó ní ibùsùn, ibi ìdáná, ilé ìwẹ̀, fíríìjì, àti fèrèsé tó ní kọ́tíìnì. Ó wà á dé orí pulọ́ọ̀tì rẹ̀ ní Ayọ̀bọ̀, ó pa ẹ́ńjìnì, ó ní òun ti délé. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ ní Ilé Onítáyà. Ní ìpàdé àwọn onílé, wọ́n ní kò lè dìbò, torí pé ilé tó lè mu epo kó sì kọjá sí Ìbàdàn kì í ṣe ilé.

Èmi náà fi í ṣẹ̀fẹ̀ títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà nídìí. Ìdílé méjì ló ń jà sí ilẹ̀ yẹn. Ọ̀kan ló tà á fún un. Èkejì ń ṣọ́ ọjọ́ tí pulọ́ọ̀tì máa ṣófo kí wọ́n lè tà á fún ẹlòmíràn. Agbára ẹ̀gbọ́n mi ò sì tíì ká ilé kíkọ́. Nítorí náà, ó ń sùn síbẹ̀, ó ń jí síbẹ̀, kí wọ́n má baà rí àyè.

Àtọ̀gbẹ ló ń dà á láàmú. Oògùn tó fi ń gún ara rẹ̀ lábẹ́rẹ́ láràárọ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù, bẹ́ẹ̀ wáyà iná ò tíì dé àdúgbò wọn nígbà yẹn. Nírọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ kékeré á ṣáàjì bátìrì kan tó wà lábẹ́ ibùsùn, bátìrì á wá gbé fíríìjì títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bí bátìrì bá kú, oògùn á bàjẹ́. Bí oògùn bá ń bàjẹ́, àfi kí ẹ̀gbọ́n mi wá máa gbé lọ́dọ̀ mi ní Ẹ̀gbẹ́dá. Bó bá sì ti kúrò lórí ilẹ̀ yẹn, ó dìgbà.

Bátìrì náà kú.

Àárọ̀ Sátidé ló pè mí. "Tísà, omi inú fíríìjì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Wá ká lọ ra bátìrì."

Òótọ́ ni pé tísà ni mí, ìtàn ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin wo ló wà ní Èkó tí kò mọ̀ nípa bátìrì? Ẹni tí kò lè yí gílóòbù ilé ara rẹ̀ á dúró ti bátìrì, á káwọ́ sẹ́yìn, á mi orí, á ní, "Sẹ́ẹ̀lì kan ti kú níbẹ̀." Irú ìmọ̀ yẹn ni èmi náà ní, mo sì ní i lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé tó bá ọkọ̀ náà wá dání, ó ń kà á fún mi títí a fi dé Ìkòtún. Ó ní irú bátìrì méjì ló wà. Èyí tó ń jí ẹ́ńjìnì a máa tú gbogbo agbára rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, iṣẹ́ rẹ̀ parí. Èyí tó ń gbé ilé, díẹ̀díẹ̀ ló ń tú tirẹ̀ sílẹ̀ láti alẹ́ di àárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, bátìrì ni bátìrì ń jẹ́ jàre," mo ní. "Ìwé ni òyìnbó fi ń dẹ́rù bà yín."

Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí a wọ̀, ọkùnrin tó ni ín ò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ó ṣáà fa sípánà yọ, ó fi kan irin méjèèjì tó wà lórí bátìrì kan. Iná bú pàrà! Ẹ̀gbọ́n mi fò sẹ́yìn, ìwé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró. Ọlọ́kadà kan tí kò ra nǹkan kan pariwo pé kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe.

"Dádì, ṣé ẹ rí iná?"

"Mo rí i. Wákàtí mélòó ló lè fi gbé fíríìjì?"

"Fíríìjì kẹ̀! Dádì, bátìrì yìí á jí tírélà."

"Mi ò ní tírélà. Wákàtí mélòó?"

"Ẹ̀yin lẹ máa bẹ̀ ẹ́ pé kó sinmi."

Ọlọ́kadà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ọ̀kadà rẹ̀ mú. "Bàbá yìí mà fẹ́ràn ìbéèrè o!" Èmi náà bá a rẹ́rìn-ín, kí ayé má baà rò pé ìdílé wa ò lajú.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣá kọ̀, ó ní ká wo òdìkejì títì, níbi tí obìnrin kan ti ń ta bátìrì ínfátà, irú èyí tó ń gbé iná ilé. Ẹ̀pà ló ń jẹ nígbà tí a dé. Òun ò fa sípánà kankan yọ. Ìbéèrè ló fi pàdé wa.

"Kí ló máa gbé?"

"Fíríìjì kékeré kan."

"Láti ìgbà wo di ìgbà wo? Kí lẹ sì fi ń ṣáàjì rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n mi ń dáhùn bí ẹni tó rí ẹbí rẹ̀ lójú ọjà. Ó sú mi. "Màdámù, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí iná rẹ̀ ná."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, bátìrì ni mò ń tà. Mi kì í ta bángà Kérésì."

Inú bí mi. Mo fa ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ṣé ẹ ò rí i pé ẹ̀rù sípánà ń bà á ni? Àwọn bátìrì yẹn ti kú sínú ike wọn tipẹ́." Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tí mo fi ń kọ́ni nílé ìwé, ohùn yẹn ló sì ṣẹ́gun ìwé ọwọ́ rẹ̀. Bátìrì oníná la rà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní dára. Mo tiẹ̀ lọ sí Ayọ̀bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti lọ gba oríyìn. Lọ́sẹ̀ kejì, fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní ìdájí. Lọ́sẹ̀ kẹta, kò dé ìdájí mọ́. Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé kan láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kan ilẹ̀kùn mi ní Ẹ̀gbẹ́dá, báàgì léjìká, kúlà yìnyín lọ́wọ́. Ó gbé kúlà fún ìyàwó mi, ó jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, àbí jẹnẹrétọ̀ yẹn ni ò..."

"Tísà, dákẹ́."

Ọjọ́ mẹ́ta ló lò lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí a padà lọ wo Ayọ̀bọ̀, ìdílé kejì ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà sára Ilé Onítáyà: ILẸ̀ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Gbogbo Alímọ̀ṣọ́ ni mo ti rí i lára ògiri, mi ò rí i lára ọkọ̀ rí. Ọ̀gbẹ́ni tó kọ ọ́ ò ronú pé ọkọ̀ lè gbé àkọlé náà lọ sórí ilẹ̀ ìdílé tirẹ̀. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ìka kan ọ̀dà náà. Kò tíì gbẹ. Ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò rẹ̀, ó ní ká máa lọ sí Ìkòtún kíákíá.

Ọkùnrin tó ta bátìrì oníná fún wa wò wá bí ẹni pé a bú ìyá rẹ̀. "Fíríìjì? Dádì, ta ló ní kẹ́ ẹ fi gbé fíríìjì?"

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọdá títì. Obìnrin yẹn mọ̀ wá. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé iná yẹn ti tán?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ náà ló tún bi wá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lanu, ẹ̀gbọ́n mi wò mí, mo pa á dé. Bátìrì tó mú fún wa burẹ́wà, aláwọ̀ eérú, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Ó so gílóòbù ọkọ̀ kan mọ́ ọn, ó gbé bẹ́ǹṣì fún wa, ó ní ká jókòó ká máa wò ó.

A jókòó wò ó fún wákàtí méjì. Mi ò rí ìran tó súni tó yẹn rí láyé mi. Gílóòbù ò bú, kò ta, kò ṣẹ́jú. Àwọn tó ń kọjá ń béèrè ohun tí a ń wò.

"Gílóòbù," ẹ̀gbọ́n mi á ní, pẹ̀lú ìgbéraga.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yà ní Ayọ̀bọ̀ kí n tó lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fíríìjì, ó mú ìgò oògùn, ó fi lẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn. Mo fò.

"Ó tutù àbí kò tutù?"

"Ó tutù, sà."

Ó ń fa síńgílẹ́ẹ̀tì bo ikùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gún lábẹ́rẹ́ nígbà tí a gbóhùn ènìyàn níta. Ọkùnrin méjì ló na téèpù ìwọnlẹ̀ sílẹ̀, ẹnì kẹta tí bàtà rẹ̀ ń dán, tó jọ ẹni tó wá ra ilẹ̀, ń tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀gbọ́n mi yọ orí lójú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀. Ta lẹ ń wá?"

Àwọn onítéèpù wo ara wọn. "Bàbá, a rò pé ẹ ti kó lọ."

"Kí n kó lọ síbo? Ilé mi nìyí. Ẹ súnmọ́ ibí, ẹ wá mu omi tútù."

Oníbàtà dídán kọjú sí àwọn méjèèjì. "Ẹ̀yin lẹ ní kò sẹ́nì kankan níbẹ̀?"

Wọ́n ká téèpù wọn. Ariwo ni wọ́n ń pa mọ́ ara wọn títí wọ́n fi yí kọ́nà. Ẹ̀gbọ́n mi fa kọ́tíìnì, ó ní kí n tètè máa lọ, pé àwọn ọmọ ilé ìwé á ti máa jó lórí tábìlì.